Tọ́rọ́lì Òfìfo ní Roodepoort

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 2024.

Fúnlọ́lá ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Olúwatìmílẹ́yìn ọmọ rẹ ńkọ́? Èmi náà wà níbí, mo ń jẹ, mo ń mu, mo sì ń bínú.

O mọ̀ pé etí mi kò gbọ́ fóònù mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò. Bùkúnọlá àbúrò rẹ ni yóò ya ìwé yìí ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má kà á. Mo mọ̀ pé yóò kà á.

Ìyá Adésànmí ti dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Johannesburg. Lẹ́yìn ìsìn, ó fà mí lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan láti bá mi sọ. Ó wá pariwo ọ̀rọ̀ àṣírí náà sí mi létí tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin fi gbọ́. Ó ní òun rí ọ nínú mọ́ọ̀lù kan ní Roodepoort. Ó ní tọ́rọ́lì tí wọ́n fi ń kó ọjà ni ò ń tì kiri, òfìfo ni, o tẹ orí bá, o fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé e, ò ń tì í láti òpin kan dé òpin kejì, o kò ra nǹkan kan, o sì tún ṣẹ́rí padà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń tẹ̀lé ọ lẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tọ́rọ́lì ni wọ́n ń tì jẹun. Ó ní òun sá sẹ́yìn òpó kí ojú má baà tì ọ́.

Fúnlọ́lá, ojú tèmi ló tì. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ náà o. Bàbá rẹ ru aṣọ lórí láti ìlú dé ìlú, ó lóṣòó gba gbèsè bí gbogbo Òṣómàáló, kó tó ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó fi bú mi. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣé o ti ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ tó wà ní Mayfair ni? Nígbà tí o wá kẹ́yìn, mọ́tò ló gbé ọ láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu ọ̀nà wa, ibi tí ọmọdé ń fò dé. Mo sọ nínú ara mi pé ìlú òyìnbó ti kọ́ ọmọ mi ní ìgbéraga. Ọdún Àjíǹde tó kọjá, o ní ò ń bọ̀. A se oúnjẹ dè ọ́. Bùkúnọlá ló jẹ ẹ́.

Bí nǹkan bá ti le, wá sílé. Yàrá rẹ wà bó ṣe wà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mí, kò sí nǹkan tí mo ń wá mọ́ ju kí n rí ọ kí o fi ẹsẹ̀ rẹ wọ géètì yẹn wọlé. Sọ òtítọ́ fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tẹjúmádé.


Roodepoort,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Tìmí ní kí n kí yín.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní ṣíṣí, léèsì tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Dókítà ló ní kí n máa rìn. Àárọ̀ ibí tutù ní àsìkò yìí débi pé yìnyín ń bo koríko, inú mọ́ọ̀lù sì móoru, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́. Ìdárayá lásán ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó yín láyà sókè.

Ẹ bá mi kí Ìyá Adésànmí. Ẹ sọ fún wọn pé mo rí wọn. Òpó yẹn kò tóbi tó wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ níbí, ẹ fi irú díẹ̀ rán an sí mi, àti òrí. Òrí tiwa gan-an o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń po ìpara mọ́.

Ọmọ yín,
Fúnlọ́lá.


Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
Ọjọ́ keje, oṣù keje, 2024.

Fúnlọ́lá,

Mo kí ọ. Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo ti kọ́ ọmọ ní ilé ìwé ju ọgbọ̀n ọdún lọ, mo sì mọ ọmọ tó bá ń dáhùn ìbéèrè tí n kò bi í.

Ta ní ń tẹ orí bá ṣe ìdárayá? Kí sì ni o fẹ́ fi òrí ṣe? Ìwọ tó jẹ́ pé láti kékeré, bí mo bá ti ṣí igbá òrí báyìí, o ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ pé ó ń rùn. Ẹni tí ara ń ro ló ń wá òrí.

Lẹ́yìn náà mo wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ. Gbogbo ìlà rẹ ló ń gun òkè. Bí o ṣe kọ ọ́ nìyẹn nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, tí o ní dandan ni kí o ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ lórí ẹní. Ìdùbúlẹ̀ ni o ti kọ̀wé sí mi, Fúnlọ́lá. Mo bi Bùkúnọlá, ó ní òun kò mọ nǹkan kan, ilẹ̀ ló sì ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Òun náà mọ̀. Ẹ ti sọ mí di arúgbó tí à ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Inú mi kò dùn sí yín rárá. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó káwọ́ sókè ló ní ká gbé òun. Káwọ́ sókè, Àwẹ̀ró.

Ìyá rẹ.


Roodepoort,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, 2024.

Màmá mi,

Mo káwọ́ sókè o.

Ẹ̀yìn mi ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. N kò sọ fún yín nítorí mo mọ̀ pé ẹ kò ní sùn, mo sì ń rò pé yóò lọ kí ẹ tó gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀yìn ríro tó ń ṣe gbogbo oníṣọ́ọ̀bù aṣọ. Mo pè é ní làkúrègbé, mo ra egbòogi, mo ń bá tèmi lọ. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí, ó gba itan dé ojúgun. Bí mo bá dúró pẹ́ díẹ̀, tàbí bí mo bá ń rìn, ẹsẹ̀ mi á wúwo, á máa ta mí bí ẹni tó fi ata pa á. Láti ṣọ́ọ̀bù mi dé rọ́bọ́ọ̀tì, iná tó ń dá mọ́tò dúró ní oríta, kò jìn ju ilé wa sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ. N kò lè rìn ín láìdúró. N óò lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, bí mo bá sì ti lóṣòó, ìrora á lọ. Àwọn ará ilé wa tó ń kọjá á ní, "Ọmọ Òṣómàáló, ta ló jẹ ọ́ lówó ní Mayfair?" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi gbé mi dé ẹnu ọ̀nà yín nígbà yẹn, Màmá. Kì í ṣe ìgbéraga.

Ohun tó ṣì mí lọ́nà jù ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ bí àwa Aládùúrà ṣe ń gbàdúrà, a kúnlẹ̀, a tẹ iwájú orí mọ́lẹ̀. Nígbàkúgbà tí mo bá wà báyẹn, ìrora á pòórá pátápátá. Bí mo bá dìde láti kọrin, á padà. Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní Ọlọ́run ń bá mi wí pé ìrẹ̀lẹ̀ mi kò tíì tó. Mo gbààwẹ̀. Mo ń tẹ orí mọ́lẹ̀ títí tí gbogbo ìjọ á fi dìde, tí wọ́n á tún jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ẹni ẹ̀mí. Àwọn obìnrin kan ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n gbàdúrà fún wọn.

Ọjọ́ kan ni mo wá lọ ra ọjà, mo fi ìgbọ̀nwọ́ lé tọ́rọ́lì nítorí pé ó rẹ̀ mí, mo sì ń rìn, mo ń rìn, kò dùn mí. Mo rìn yí ibẹ̀ ká tán. Omijé bọ́ lójú mi níwájú àwọn tó ń ta ẹran. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ láti lọ rìn bí èèyàn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kọ́kọ́ rò pé olè ni mí. Nísinsìnyí, òun ló ń bá mi yan tọ́rọ́lì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.

Tìmí ló fi agídí gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun. Wọ́n dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n ya ẹ̀yìn mi ní fọ́tò, nǹkan kan kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Dókítà wá bi mí pé kí ló máa ń mú un lọ. Mo sọ ti àdúrà, mo sọ ti tọ́rọ́lì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde dúró kí wọ́n tún un yà. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Àwọn eegun ẹ̀yìn wa tò léra wọn bí àwo. Ọ̀kan nínú tèmi, nísàlẹ̀ ní ìbàdí, ti yọ̀ síwájú lórí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ṣẹ́, n kò ṣubú. Ọjọ́ orí ni. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín wọn ti gbẹ, oríkèé tó dì wọ́n mú ti gbó, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa obìnrin. Bó ṣe yọ̀ yẹn, ó ti mú kí ọ̀nà tí àwọn iṣan ẹsẹ̀ ń gbà kọjá há. Bí mo bá tẹ̀ síwájú, ọ̀nà náà á là díẹ̀. Bí mo bá nàró, á tún há. Nítorí náà kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ mi ló ń mú ìrora lọ. Síbẹ̀ mo ń dúpẹ́, nítorí àdúrà yẹn ló júwe àìsàn náà fún dókítà.

Wọn kò kọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n sì fà mí lé Damaris lọ́wọ́. Damaris ni fisió mi, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara. Àdúgbò Alexandra ló ti ń wá, takisí kan kì í gbé e dé, n kò sì tíì rí ọjọ́ tó pẹ́. Ẹgbẹ́ Tìmí ni, ṣùgbọ́n bó bá ní, "Mama, fa ikùn mọ́ra," ẹ̀yin gan-an ni mo máa ń rò pé ẹ wà níwájú kíláàsì. Ó ní ikùn ló ń bá ẹ̀yìn gbé ẹrù. Ó kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dìde àti bó ṣe ń jókòó, ó dín iyán mi kù. Lọ́jọ́ kan tí ìrora pọ̀, mo sunkún, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì mí títí mo fi sun ún tán, ó wá ní, "Shap, Mama, ó ku mẹ́wàá." Shap ni wọ́n fi ń sọ pé ó dáa níbí. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an.

Ìtọ́jú yẹn gbé mi dáadáa fún ọdún kan ó lé. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn, ó ṣiṣẹ́, nígbà tó yá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nísinsìnyí ìka ẹsẹ̀ òsì mi ti ń kú. Bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, n kò ní mọ̀. Dókítà ní òun lè la ẹ̀yìn náà, kí òun gé eegun tó ń tẹ iṣan kúrò, kí òun fi sukúrù de eegun méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè dàgbà di ọ̀kan. Ó ní èmi ni n óò yàn, ṣùgbọ́n bí iṣan bá pẹ́ jù nínú ìhámọ́, ó lè má jí mọ́. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án ni wọ́n dá fún mi.

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Màmá, ṣùgbọ́n n kò ní gun tábìlì yẹn láìgbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Bí ẹ bá ní kí n má ṣe é, n óò máa ti tọ́rọ́lì mi lọ.

Fúnlọ́lá yín.


Roodepoort,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bùkúnọlá ní ẹ ti ka lẹ́tà mi, ẹ ká a, ẹ kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ bú mi, n óò gbà á. Ìdákẹ́ yín ni n kò lè gbà.

Fúnlọ́lá.


Roodepoort,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Màmá,

Ọjọ́ ti ń sún mọ́lé. Bùkúnọlá ní ẹ kì í sí nílé láàárọ̀ mọ́, ẹ kò sì sọ ibi tí ẹ ń lọ. Ní ọjọ́ orí yín! Níbo lẹ ń lọ?

Lójoojúmọ́ ni Damaris ń bi mí pé, "Ṣé Gogo ti fèsì?" Gogo ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí. Lónìí mo tún sọ fún un pé rárá. Ó ní, "Eish," bí wọ́n ṣe ń káàánú níbí.

Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí, n óò sọ fún dókítà pé kó fi àyè mi fún ẹlòmíràn.

Fúnlọ́lá.


Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Fúnlọ́lá, Àwẹ̀ró, ọmọ Òṣómàáló,

Má fi àyè rẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yìí, ṣé o ti gbàgbé ẹni tó bí ọ ni? N kì í fọwọ́ sí ohun tí kò bá yé mi. Ọ̀bẹ ni o ní kí n fọwọ́ sí, lára ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n. Kí n kàn sọ pé "Lọ"? Kí n kàn sọ pé "Má lọ"? Mo wọ mọ́tò, mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Wọ́n ní dókítà eegun kò sí. Mo padà lọ. Wọ́n ní n kò ní káàdì, wọ́n ní ara mi sì le, kí ni mo wá ṣe? Mo jókòó. Ìyàwó Òṣómàáló ni mí, mo mọ bí a ṣe ń jókòó de èèyàn. Dókítà jáde nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá, kí ló ń dùn yín?" Mo ní, "Ọmọ mi ni."

Ó mú mi wọlé. Mo gbé lẹ́tà rẹ fún un. Ó kà á, ó ní dókítà wo ló ṣàlàyé dáadáa báyìí. Mo ní kì í ṣe dókítà, aṣọ ló ń tà. Mo yangàn, n kò parọ́. Ó gbé eegun ẹ̀yìn kan tí wọ́n fi ike ṣe, ó ti ọ̀kan síwájú lórí èkejì, ó ní kí n fi ìka mi kan ibi tí iṣan há sí. Ohun tí mo bi í pọ̀. Ó ní ẹlòmíràn kò nílò abẹ rárá, ìdárayá nìkan ti tó o. Ó ní kò sí abẹ tí kò léwu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbìyànjú gbogbo rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kú, kò yẹ kó máa dúró. Kò fi oyin sí i fún mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́.

Nígbà tí mo délé, mo gbé bárò tí Bùkúnọlá fi ń kó ẹrù oko. Mo di apá rẹ̀ mú, mo tẹ orí bá, mo tì í yí agboolé ká, nítorí mo fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí láti ibẹ̀. Fúnlọ́lá, ilẹ̀ nìkan ni èèyàn ń rí. N kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ mi fi ń wo ilẹ̀, tó sì ń kọ̀wé sí mi pé ara òun le. Irú ọmọ wo ni mo bí? Ọkàn rẹ le ju tèmi lọ, mo sì ti máa ń rò pé kò sí ọkàn tó le tó tèmi nínú ilé yìí.

Ìyá Adésànmí kọjá, ó sì rí èmi àti bárò. Mo mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn á ti dé ọjà pé ìyá àti ọmọ ti jọ ń ti nǹkan kiri. Mo bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ òní, nígbà ìdúpẹ́, mo dìde níwájú ìjọ. Mo ní, "Fúnlọ́lá ọmọ mi tí ẹ gbọ́ pé ó ń ti tọ́rọ́lì ní Johannesburg, òótọ́ ni. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló yọ̀. Orí ẹsẹ̀ tó ń jó o ló dúró lé ta aṣọ fún ọdún mẹ́ta, kò pa iṣẹ́ jẹ, kò ṣe ara rẹ̀ láàánú. Ẹ bá mi yin ọmọ náà." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ti Ìyá Adésànmí ló dún jù. Èèyàn burúkú kọ́, ẹnu rẹ̀ ni kì í dúró sójú kan.

Ní alẹ́ àná mo rántí ìyá ìyá mi. Bí wọ́n bá fẹ́ rìn, àpótí ni wọ́n máa ń tì síwájú, wọ́n á tẹ̀ lé e lórí. Gbogbo wa ní ogbó ni. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ló ń dùn wọ́n. Ìwọ rí ẹni bi ọ́, o sì rí ẹni mọ̀ ọ́n. Kò yẹ kí ìyá rẹ wá di ọ́ lọ́nà.

Mo fọwọ́ sí i. Lọ. Ọwọ́ wọn yóò mọ́ lára rẹ, o ó sùn, o ó sì jí. Sọ fún Damaris pé Gogo ti fèsì, kí o sì sọ fún un pé mo kí i gan-an fún ìtọ́jú ọmọ mi.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí o bá wálé, má kúnlẹ̀ fún mi. Mo ti sọ fún gbogbo ilé, wọn kò gbọ́dọ̀ retí ìkúnlẹ̀ Fúnlọ́lá mọ́. Dúró ní ìdúró kí n wò ọ́. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí.

Ìyá rẹ,
Tẹjúmádé.


Roodepoort,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2024.

Màmá Àgbà,

Ẹ káàsán o. Èmi ni Tìmí. Ẹ má bínú sí Yorùbá mi, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu Mọ́mì ni mo ń kọ ọ́.

Wọ́n ti ṣe é tán lánàá. Ó pẹ́ gan-an. N kò lè jẹun. Mọ́mì jí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni ṣé ẹ ti gbọ́. Dókítà ní kí wọ́n gbé ìka ẹsẹ̀ òsì, ó gbéra díẹ̀. Lónìí Damaris wá, ó mú wọn dìde. Wọ́n rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mọ́mì sunkún, èmi náà sunkún, eish. Damaris kò sunkún. Ó ní kí n lọ kọ̀wé sí Gogo kíákíá.

Tìmí.


Roodepoort,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà ìwé mi ná. Ṣé ó gún àbí kò gún? Ìjókòó ni mo ti kọ ọ́.

Kò rọrùn o, n kò sì ní parọ́ fún yín mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ dìde lórí ibùsùn, odindi ni mo ń yí bí ìtì igi. N kò gbọ́dọ̀ tẹ̀, n kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù, n kò gbọ́dọ̀ lọ́ ìbàdí. Tìmí ló ń fọ abọ́, abọ́ mi sì ti dín kù. Ẹ̀yìn mi ṣì máa ń le láàárọ̀, dókítà sì ní eegun náà kò tíì dàpọ̀ tán. Ìka kan ṣì ń kú díẹ̀díẹ̀, bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà. Ṣùgbọ́n iná tó ń jó mi lẹ́sẹ̀ ti kú, Màmá. Ó kú ráúráú.

Damaris bá mi lọ sí mọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ọkùnrin aṣọ́nà ṣe rí mi báyìí, ó ti ti tọ́rọ́lì mi wá. Mo dì í mú. Damaris ní, "Mama, fi sílẹ̀." Ẹ̀rù tó bà mí ju ti ọjọ́ abẹ lọ. Mo fi sílẹ̀, mo rìn. Mo kọjá àwọn oníbúrẹ́dì, mo kọjá àwọn tó ń ta ẹran, mo dé ìdí òpó tí Ìyá Adésànmí sá sí, mo fọwọ́ kàn án. Mo ṣẹ́rí padà. Ọkùnrin aṣọ́nà ń ti tọ́rọ́lì náà bọ̀ lẹ́yìn mi ní gbogbo ọ̀nà, bóyá n óò nílò rẹ̀. N kò nílò rẹ̀. Ojú èèyàn ni mo ń rí, bí ẹ ṣe wí. Mo tún gbójú sókè. Gíláàsì ni òrùlé ibẹ̀, ọ̀run ń hàn gedegbe lára rẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń lọ síbẹ̀ tó, n kò mọ̀.

Damaris lé mi padà sí ìdí òpó lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pàtẹ́wọ́.

Màmá, mo ń ronú nípa yín. Ẹ lọ jókòó de dókítà nítorí ọmọ tí orí rẹ̀ ti funfun. Mo ti ka lẹ́tà yẹn fún gbogbo oníbàárà mi ní Mayfair. Bí mo bá dé ibi tí ẹ ti ti bárò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún máa nu ojú. Kò sí irú yín.

Fúnlọ́lá.


Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá, 2024.

Àwẹ̀ró,

Ìlà rẹ gún. Mo fún ọ ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, n kì í sì í fún ọmọ ní mẹ́wàá.

Ìyá Adésànmí tún ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Mo ti fi irú àti òrí rán an sí ọ. Òrí náà pé méjì, ọ̀kan jẹ́ ti Damaris. Ìyá Adésànmí ní bí òun bá rí ọ lọ́tẹ̀ yìí, òun kò ní sá.

Má kánjú wálé. Jẹ́ kí eegun yẹn dàpọ̀ dáadáa. Bí o bá sì ń bọ̀, kí mọ́tò gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Ẹni tó bá pè é ní ìgbéraga, èmi ni yóò bá. Má sì gbàgbé ohun tí mo sọ nípa ìkúnlẹ̀. Òfin ni.

Ìyá rẹ.


Roodepoort,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta, 2025.

Màmá mi,

Dókítà ti ya fọ́tò mìíràn, ìdúró ni. Eegun méjèèjì ti di ara wọn mú. Ó ní kí n máa bọ̀.

Ọdún Àjíǹde ni n óò bá yín ṣe. Ẹ se oúnjẹ dè mí, kí Bùkúnọlá má fọwọ́ kàn án. Ní ọ̀sán Sátidé ọdún, ẹ gbé àga yín sí ẹnu ọ̀nà. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni n óò ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ ó sì rí mi bí mo ṣe ń bọ̀ láti òkèèrè, n óò nàró ṣánṣán. Ẹ wò mí dáadáa títí n óò fi wọ géètì.

Ní ti òfin yín, mo ti bi dókítà, mo sì bi Damaris. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, n kò ní pa á mọ́. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n fi sukúrù dè, Màmá. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan orúnkún mi.

Fúnlọ́lá.